Àkọ́sórí Tí Mo Kà Lórí Fóònù

Nígbà tí ọmọbìnrin mi pé ọdún mẹ́sàn-án, mo ṣe òfin fún un. Kò gbọ́dọ̀ gun ọ̀kadà. Kò gbọ́dọ̀ kúrò níbi tí mo bá ní kó dúró sí. Kò sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni, àfi tí onítọ̀hún bá lè ka àkọ́sórí ọ̀sẹ̀ náà, ìyẹn ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n kọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Gbọ́mọgbọ́mọ lè mọ orúkọ rẹ̀, ó lè mọ orúkọ mi, ṣùgbọ́n ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni àkọ́sórí ń yí padà.

Ìyàwó mi ní, "Ṣé ọmọ lẹ̀ ń tọ́ ni, àbí bánkì lẹ̀ ń ṣọ́?"

Mi ò rẹ́rìn-ín. Láràárọ̀ ni mo máa ń fi ọmọ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Tí aago méjì bá sì ti ku ogún ìṣẹ́jú, mo ti dé ẹnu géètì iléèwé rẹ̀ ní Ìjẹ̀gùn láti gbà á padà tí wọ́n bá jáde láago méjì.

Lọ́jọ́rú kan, àgbà ìjọ wa kan tó ń ṣàìsàn ní Akówọnjọ ní kí n wá gbàdúrà fún òun. Mo fẹ́ sọ pé àyè ò sí, àmọ́ ọkàn mi ò gbà. Láti ìdájí, lórí eékún, ni bàbá náà ti ń wá sí mi lọ́kàn, mo sì mọ Ẹni tó ń rán mi. Mo wá sọ fún ọmọ mi pé tí wọ́n bá jáde, kó dúró sí ìsọ̀ bàbá fọkanáísà tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléèwé, kó má kúrò níbẹ̀ títí n óo fi dé.

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni fóònù mi dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn.

"Ẹ̀yin ni bàbá ọmọ tó dúró sí ìsọ̀ mi? Ara ìwé ẹ̀ ni mo ti rí nọ́ńbà yín. Táńkà epo ṣubú síwájú wa níbí! Pẹtiróòlù ti ń ṣàn nínú gọ́tà. Gbogbo ayé ti sá, ọmọ yín ò kúrò."

Kò sí ará Ìjẹ̀gùn tí kò mọ ohun tí epo tó dà sílẹ̀ lè ṣe.

"Ẹ gbé e, ẹ jọ̀ọ́!"

"Mo gbé e, ó gé mi jẹ! Ó ní kí n ka àkọ́sórí. Mo ní Mùsùlùmí ni mí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, níbo ni n óo ti rí àkọ́sórí? Ó ní tí mi ò bá mọ̀ ọ́n, kí n máa lọ."

"Ẹ gbé fóònù sí i létí."

Mo gbọ́ ẹnì kan tó ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má ṣáná. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ọmọ mi.

"Dádì?"

"Tẹ̀ lé bàbá yẹn. Kíá!"

"Àkọ́sórí ńkọ́?"

"Èmi ni mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀!"

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹnikẹ́ni."

Ẹsẹ tó ní ká fi gbogbo ọkàn gbẹ́kẹ̀ lé Olúwa ni. Mo ka apá kìíní. Ó ku apá kejì, tó ní ká má gbára lé òye tiwa. Tí mo bá kà á tán, ọmọ mi á tẹ̀ lé ọkùnrin tí mi ò mọ nǹkan nípa rẹ̀ ju iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ, wọn á sì lọ síbi tí mi ò mọ̀.

Mo kà á.

"Ó pé," ló wí. Fóònù já.

Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo pè padà, kò wọlé. Àgbà ìjọ náà di ọrùn ọwọ́ mi mú látorí ibùsùn. "Ìwọ lo wá gbàdúrà fún mi," ó ní, "èmi ni n óo wá gbà á fún ẹ báyìí." Ó gbàdúrà. Mi ò lè di ojú mi.

Ọ̀kadà ni mo gùn padà. Wọ́n ti dí ojú ọ̀nà, àwọn panápaná ń da fóòmù sórí epo. Iná kò ràn. Obìnrin kan nawọ́ sí ilé bàbá fọkanáísà fún mi, òpópónà kejì lẹ́yìn iléèwé. Orí ẹní ni mo ti bá ọmọ mi, òun àti ìyàwó bàbá náà.

"Dádì, màmá yìí ti mọ apá kìíní àkọ́sórí," ọmọ mi ní. "Apá kejì ló ń ṣòro fún wọn."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá náà. Ó fi apá rẹ̀ hàn mí. "Ẹ dìde jàre. Eyín ọmọ yín mú o."

Lọ́jọ́ kejì, mo tún fi ọmọ mi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Nígbà tí aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú, mo ti wọ bàtà. Mo rántí apá kejì àkọ́sórí, mo padà jókòó sórí àga, tèmi ti bàtà lẹ́sẹ̀, títí aago méjì fi lù, kí n tó lọ gbà á.