Ọjọ́ Tí Mo Jẹ Koríko Níwájú Kọmíṣọ́nnà

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi ni ọjọ́ Àìkú tí mo ṣe Nebukadinésárì nínú eré ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Oǹdó. Òun ni ọba tí Ọlọ́run sọ di ẹni tó ń jẹ koríko bíi màlúù nítorí ìgbéraga rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà.

Bí eré ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kọmíṣọ́nnà ìjọba kan dé láti Àkúrẹ́ pẹ̀lú ọlọ́pàá mẹ́rin, ó sì jókòó síwájú. Ni Àǹtí Bọ́lá, olùkọ́ wa, bá sáré wá bá mi.

"Adéọlá, má jẹ koríko mọ́ o! Kí bàbá yìí má baà rò pé òun là ń bú."

Mo jáde. Mo yan fanda, mo ní agbára mi ni mo fi kọ́ Bábílónì. Ohùn kan dún pé a ti gba ìjọba lọ́wọ́ mi. Mo rántí ọ̀rọ̀ Àǹtí Bọ́lá. Ṣùgbọ́n bí n kò bá jẹ koríko, báwo ni ọba yóò ṣe mọ̀ pé Ọlọ́run ló jù ú lọ? Mo rá lọ síwájú kọmíṣọ́nnà, mo ki ẹnu bọ koríko tí a ti kó síbẹ̀ fún eré.

Mo gbójú sókè, mo kígbe: "Ọlọ́run nìkan ló ń fini jọba!"

Kọmíṣọ́nnà dìde. Tòun ti agbádá, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ọmọ mi," ó ní, "ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti bá mi sọ òtítọ́ gbẹ̀yìn."

Ìjọ hó yèè! Àǹtí Bọ́lá gbé mi sókè, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, mo ń bọ̀wọ̀ fún àwọn aláṣẹ, ṣùgbọ́n Ọlọ́run nìkan ni mo ń bẹ̀rù.