Ẹja Aláàwẹ̀ àti Ẹní Ìrun

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ashaiman, ní Ghana, bí ààwẹ̀ bá ti ń súnmọ́ etílé, odò ni bàbá mi máa ń kó èmi àti Ràmátù ẹ̀gbọ́n mi lọ, láti fọ gbogbo ẹní ìrun ilé wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí irú iṣẹ́ yẹn: ọṣẹ tó ń ta ojú, ẹní tó mumi tó wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì. Kẹńkẹ́, ẹ̀kọ àgbàdo tó le, àti ẹja díndín la fi ń tu ara wa nínú.

Etí odò yẹn la ti mọ ẹja kékeré kan tó jọ tilápíà, tí kò gùn ju ìka ọwọ́ àgbà lọ. Orí òkúta ni abo ń yé ẹyin sí. Akọ á wá kó wọn sẹ́nu títí wọn á fi pa. Bí àwọn ọmọ bá ń jẹ̀ kiri, tí òjìji wa bọ́ sórí omi, wọ́n á sáré padà sẹ́nu òbí wọn.

“Aláàwẹ̀ ni bàbá wọn,” ni bàbá mi wí. “Bó bá jẹun, ọmọ ló gbé mì.”

“Ṣé ó tiẹ̀ jẹ sààrì?” Ràmátù bi í. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, oòrùn ń ràn, kò sí òjìji kankan, ṣùgbọ́n àwọn ẹja náà ṣàdédé kó ọmọ wọn sẹ́nu, wọ́n wọ abẹ́ òkúta. A ṣì ń wò wọ́n nígbà tí omi pupa ya lù wá. Òjò ti rọ̀ lókè odò, a ò mọ̀. Omi gbá ẹní ìrun ìyá àgbà ilé wa, mo dì í mú. Wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í ju ẹní ìrun sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ á kúnlẹ̀, á na ọwọ́ sókè. Ẹní náà ń wọ́ mi lọ sáàárín odò.

“Fi sílẹ̀! Mo ní kí o fi ẹní sílẹ̀!” Bàbá mi ló ń kígbe, omi ti mù ún dé ọrùn. Mi ò fi sílẹ̀. Òun ló ṣí ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fi ọrùn ẹ̀wù fà mí gòkè. Kò nà mí. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀.

Lóde òní, kọnkéré ni etí odò yẹn, ọ̀rá omi tí wọ́n mu tán ló kún inú odò, mi ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni rí ẹja níbẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fọ mọ́tò ni àwọn ọmọ mi ń gbé ẹní lọ. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú ní ọjà Okaishie tí mo ti ń tajà, mo máa ń pè wọ́n lórí fóònù níkọ̀ọ̀kan láti mọ ibi tí wọ́n wà, n ó sì ti ṣọ́ọ̀bù.

“Alata, o tún ti ń sá fún òjò!” ni àwọn tá a jọ ń tajà máa ń wí. Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí.

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń ṣàlàyé. Ó ti rẹ̀ mí báyìí. Mo kàn ń ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, kí n wá ọkọ̀ trotro lọ sílé.