Àtẹ̀jíṣẹ́ Tí Ìyàwó Télọ̀ Kò Kà

Nínú gbogbo àgbàlagbà tí mo kọ́ lọ́dún náà, Bàbá Télọ̀ nìkan ni kì í bínú sí fóònù. Àwọn yòókù á máa gún un ní ìka bí ẹni ń gún kòkòrò, wọ́n á ní ó ti bà jẹ́, wọ́n á sì yíjú sí mi bíi pé èmi ni mo ṣe é. Èmi náà kì í ṣe onísùúrù. Iléèwé ló rán mi lọ kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta, pé kí n máa kọ́ àwọn àgbà bí wọ́n ṣe ń fi fóònù bá ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀. Yàrá kan lókè ilé ìkàwé la ti ń ṣe é: àga rọ́bà méjìlá, wáyà iná tó gba abẹ́ ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn kọjá.

Nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọ̀gá mi ní òfin kan tí kì í fi í ṣeré. "Ọwọ́ ẹ, ẹ̀yìn. Àgbà ló máa tẹ fóònù ẹ̀ fúnra ẹ̀. Tí o bá ti bá a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò ní mọ̀ ọ́n mọ́ nìyẹn." Mo wá ń káwọ́ sẹ́yìn rìn láàárín wọn bí olùkọ́ tó ń ṣọ́ ìdánwò.

Fóònù tí Bàbá Télọ̀ ń gbé wá, àjákù aṣọ búlúù ló fi ń wé e. Ti ìyàwó rẹ̀ ni, ẹni tó kú ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ti sọ ohun tó bá wá, láìfepo-bọyọ̀.

"Ilé ìwòsàn fi nǹkan ránṣẹ́ sí i nígbà tó ń ṣàìsàn. Fóònù yẹn ń dún ṣáá, mo bá dojú ẹ̀ délẹ̀ kó lè rí oorun sùn. Mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n sọ. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ kà á."

"Àwọn ọmọ yín ńkọ́, sà?"

"Wọ́n máa purọ́ fún mi. Wọ́n fẹ́ràn mi."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó rí ibi tí àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ wà. Kó tó ti awò ojú rẹ̀ sókè, ojú mi ti débẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ilé ìwòsàn kọ èyí tó kẹ́yìn. Bàbá sì ti sọ fún mi pé Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyàwó òun kú. Mo ní àkókò ti tó, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àkókò kò sì tí ì tó.

Láti ọjọ́ yẹn ni fóònù náà ti ń lé mi kiri. Mò ń gbọ́ ọ ní ilé ìwẹ̀, á dún lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́. Mo pa tèmi, síbẹ̀ mò ń gbọ́ ọ. Obìnrin tí n kò rí rí ni mò ń rí, ó dùbúlẹ̀, fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, ojú fóònù dé ilẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí bàbá lọ tọ̀, mo na ọwọ́ kí n pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́. Aṣọ búlúù náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀rù bà mí, mo fà sẹ́yìn. Mo wá ń fi ẹ̀kọ́ falẹ̀: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lórí bí a ṣe ń sọ lẹ́tà di ńlá. Ṣùgbọ́n ohun tí a ò fẹ́ kí baba ó gbọ́, baba náà ni yóò parí ẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kò dúró dè mí. Ó ṣí i, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ bí ẹni ń wọn aṣọ.

"Ẹ má dúró de ọjọ́ tí a dá fún yín. Ẹ wá lónìí. Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ tẹ oókan ránṣẹ́."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun," ó ní. "O ti rí i tẹ́lẹ̀, àbí?"

"Láti ọ̀sẹ̀ kejì, sà."

Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó tẹ oókan, ó fi í ránṣẹ́, kò ṣi ìka gbé níbì kankan; mo kọ́ ọ dáadáa. Ojú ẹsẹ̀ ni èsì dé, irú èyí tí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn máa ń dá fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá tẹ oókan. Ó kà á, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

"Wọ́n ní àwọn ń retí ìyàwó mi," ó sọ fún mi.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."