Abẹ́rẹ́ àti Ìlàjì Oògùn

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó má baà rú ẹnikẹ́ni lójú: obìnrin ni ọkọ mi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Àbúrò baba àwọn ọmọ mi ni. Eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ni nígbà tí mo wọlé wọn, ṣùgbọ́n mo bá a nílé, ẹni tí ìyàwó bá sì bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni, kò gbọdọ̀ la orúkọ mọ́ ọn lórí. Mo wá fún un ní orúkọ tèmi. Abẹ́rẹ́ ni mo pè é, nítorí ó tín-ín-rín, ó sì mú. Mi ò mọ̀ pé àsọtẹ́lẹ̀ ni ẹnu mi ń sọ. Nígbà tó dàgbà, abẹ́rẹ́ náà ló fi ń jẹun.

Bí ẹ bá lọ kí i nílé, kó tó fi omi lọ̀ yín, ìka yín ló máa kọ́kọ́ bèèrè.

"Ìyàwó wa, ẹ na ìka yín wá."

Á gún un, á fún ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sẹ́nu ẹ̀rọ kékeré kan, á wò ó, á ní, "Ẹ ṣì wà láyé."

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo ti rò pé mo kú ni."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní tirẹ̀ a máa gba ẹ̀yìnkùlé sá bó bá ti gbóhùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Àrùn àtọ̀gbẹ ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wádìí. Nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ dókítà, ó rí obìnrin kan tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tó ń fi bíléèdì gé hóró oògùn rẹ̀ sí méjì kó lè pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì bú obìnrin náà bí ẹní bú olè. Ṣùgbọ́n Abẹ́rẹ́ wò ó pé ara obìnrin yìí le ju ti àwọn tó ń gbé odidi mì lọ. Ó bi ọ̀gá rẹ̀ pé, "Sà, ṣé ó dá wa lójú pé ìlàjì ò tó?" Ọ̀gá ní, "Lọ wádìí ẹ̀." Ọ̀gá kàn fẹ́ kó kúrò níwájú òun ni. Àfi bí ọmọ náà ṣe lọ wádìí ẹ̀ lóòótọ́, títí irun rẹ̀ fi ń funfun. Ó fẹ́ ọkọ, ọkọ ní òun ò lè máa bá fíríìjì tó ń kó ẹ̀jẹ̀ sí du ìyàwó, ó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Mo bá Abẹ́rẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n mi ò lè pe ọkùnrin náà ní òpùrọ́.

Ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù ni yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà, níbi tí wọ́n ń kó bẹ́ẹ̀dì tó ti kán sí tẹ́lẹ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ògiri ni ìyẹn náà kọjú sí. Fíríìjì méjì ń kùn níbẹ̀ bí àgbà tí wọ́n jí lójú oorun, ẹ̀rọ kan sì wà tó ń fi ẹ̀jẹ̀ pòòyì títí pupa fi ń yà kúrò lára omi. Òórùn sípíríìtì ò kúrò lára aṣọ rẹ̀, kódà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìta yàrá náà ni bẹ́ńṣì gígùn kan wà. Níbẹ̀ ni àwọn aláìsàn tó ń lò fún ìwádìí rẹ̀ ń jókòó láàárọ̀ Ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù, kí oúnjẹ tó kan ẹnu wọn, kó lè mọ iye ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó pín wọn sọ́nà méjì. Àwọn kan ń gbé odidi hóró mì, àwọn kan ń gbé ìlàjì. Àwọn fúnra wọn ló sọ ara wọn ní olódidi àti onílàjì, bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù.

Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá dára, Abẹ́rẹ́ á dá a dúró síwájú gbogbo bẹ́ńṣì, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tí tirẹ̀ ò bá dára, kò ní bú u o. Á kàn mí kanlẹ̀, á ní, "Ẹ tún gbìyànjú sí i, ẹ jọ̀ọ́." Ẹ sì mọ̀ pé èébú sàn ju ìmí-kanlẹ̀ lọ.

Kò sẹ́ni tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún tó Tíṣà. Òun ló kọ́ Abẹ́rẹ́ ní ìṣirò nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, síbẹ̀ ó ṣì ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń bọ̀ wá ṣàyẹ̀wò kíláàsì rẹ̀. Onílàjì ni.

"Dókítà, mo yege àbí mo fìdí rẹmi?"

"Ẹ yege, sà. Ipò kìíní lẹ tún gbà."

Tíṣà á wá yíjú sí bírìkìlà tó jókòó tì í. "O gbọ́? Èmi ń lo ìlàjì, mo gba ipò kìíní. Ìwọ, odidi hóró, odidi òmùgọ̀."

"Tíṣà, ẹ jẹ́ n sinmi o. Ẹnu yín ni ṣúgà yín wà, kò sí nínú ẹ̀jẹ̀."

Gbogbo bẹ́ńṣì á bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin aránṣọ kan yọ̀ ṣubú lórí bẹ́ńṣì yẹn. Òógùn bò ó, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣúgà rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Wọ́n fún un ní omi ṣúgà mu, ó jí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà Abẹ́rẹ́ wá bá mi ní ilé ìdáná, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ìyàwó wa, odidi ni obìnrin yẹn ń gbé mì o. Ẹ rí i bó ṣe pọ̀ jù fún un? Ìlàjì tó! Mo ní ìlàjì tó!"

Mo ṣe àmín. Mo ṣe é tọkàntọkàn.

Ìwádìí náà jáde. Nọ́ńbà onílàjì àti ti olódidi rí bákan náà. Wọ́n ké sí i kó wá sọ̀rọ̀ níwájú àwọn onímọ̀ ńláńlá, wọ́n fún un ní àwo tí wọ́n fín orúkọ rẹ̀ sí. Ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo ilé ìwòsàn kéékèèké máa fún àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ní ìlàjì, kí oògùn lè kárí. Mo ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo jó débi tí orúnkún mi fi bá mi ṣẹjọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni Tíṣà ò wá sórí bẹ́ńṣì mọ́. Oṣù kan kọjá, òmíràn kọjá. Abẹ́rẹ́ ní ká lọ wò ó. Mo ra ọsàn dání. Ó wo ọsàn náà, ó wo ojú mi, mo gbé e padà sínú mọ́tò.

Yàrá kan lókè àtẹ̀gùn ni Tíṣà ń gbé látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ká tó kan ìlẹ̀kùn ni òórùn ti pàdé wa. Ó jókòó sórí àga, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wà nínú bàsíà, ó fi táwẹ̀lì bò ó. Lórí tábìlì, ó ti jẹ búrẹ́dì gígùn kan kù díẹ̀, ife tíì àti páálí ṣúgà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ fi ìwé ìròyìn bò wọ́n, ọwọ́ rẹ̀ ò yá tó.

"Dókítà! Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ń bọ̀."

"Ẹ jẹ́ n wo ẹsẹ̀ yín, sà."

"Kí lẹ fẹ́ wò lára ẹsẹ̀? Bàtà ló há mi."

Abẹ́rẹ́ ti kúnlẹ̀, ó ká táwẹ̀lì náà kúrò. Ọmọ ìka méjì ti dúdú bí èédú. Mo yíjú sí ògiri láti gbàdúrà, ṣùgbọ́n imú mi ò jẹ́ kí n rántí ọ̀rọ̀ àdúrà kankan. Ó fa ọwọ́ Tíṣà, ó gún ìka rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ò gbé nọ́ńbà kankan jáde. Àmì tó gbé jáde ni èyí tó ń sọ pé ṣúgà náà ti kọjá ohun tí òun lè kà.

"Sà, lọ́jọ́ tí ẹ wá kẹ́yìn, nọ́ńbà yín dára ju tèmi lọ."

Tíṣà wolẹ̀. "Ọjọ́rú nìyẹn. Òní kì í ṣe Ọjọ́rú."

"Kí lẹ máa ń ṣe kí Ọjọ́rú tó dé?"

"Mo máa ń gbààwẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé. Omi lásán."

"Ẹ̀yin nìkan?"

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọdé bi ní ìbéèrè. "Gbogbo bẹ́ńṣì, ọmọ mi. Ṣé ká wá fi nọ́ńbà burúkú dójú tì ọ́ lójú àwọn ọ̀gá rẹ ni? Bí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀, ṣé èèyàn kì í gbálẹ̀ ilé rẹ̀ ni?"

"Sà, ẹ̀yin tí ẹ nà mí lẹ́gba torí mo wo ìwé ẹlòmíì."

"Ìyẹn yàtọ̀. Ìwọ fẹ́ jí máàkì. Àwa ń fún ọ ní máàkì ni."

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ká gba ààwẹ̀ ọjọ́ kan péré fún Ọlọ́run. Wọ́n ní ọgbẹ́ inú ò jẹ́ káwọn gbádùn. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ń gbà á fún Abẹ́rẹ́ lóṣooṣù, wọn ò ráhùn, wọn ò jẹ́rìí, wọn ò sì ní kí ẹnikẹ́ni bá wọn ṣe àmín.

Abẹ́rẹ́ ló wa mọ́tò padà. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, ó ní:

"Aránṣọ yẹn. Ebi ló gbé e ṣubú."

Mo rántí àmín tí mo ṣe ní ilé ìdáná.

Irú àyẹ̀wò kan wà tí ààwẹ̀ ò lè tàn jẹ, nítorí ẹ̀jẹ̀ a máa rántí ohun tó ti ń bá a yí fún bí oṣù mẹ́ta. Ọsibítù wọn ò ní ẹ̀rọ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ta mọ́tò, ó gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo bẹ́ńṣì, ó fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Nígbà tí èsì dé, bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìkòkò ọbẹ̀ tó ti kan ni. Àwọn olódidi ò dára tó bí wọ́n ṣe ń ṣe é lójú wa. Àwọn onílàjì ń bàjẹ́ lọ lábẹ́nú. Ìlàjì ò tó. Kò tó rí. Odidi ìlú sì ti wà lórí ìlàjì.

Ó gbé èsì náà lọ bá ọ̀gá àgbà ọsibítù. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

"Ta ló tún ti rí i?" ni ọ̀gá bi í.

"Èmi nìkan, sà."

"Ó dáa. Jẹ́ ká fọgbọ́n yí i padà díẹ̀díẹ̀. Bí o bá pariwo ẹ̀, orúkọ rẹ bàjẹ́, tiwa náà bàjẹ́, àwọn èèyàn ò sì ní gba oògùn kankan lọ́wọ́ wa mọ́."

"Sà, ọmọ ìka ń já lẹ́sẹ̀ wọn lọ́wọ́lọ́wọ́."

"Mo gbọ́. Ṣé iṣẹ́ lo fẹ́ kó já lọ́wọ́ tìẹ ni?"

Ó wá jókòó sí ilé ìdáná mi, ó bi mí pé kí lòun máa ṣe. Mo ní, "Ẹ̀yin ni ọkọ mi, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ṣùgbọ́n mi ò lè bá yín gbàdúrà kí irọ́ máa pẹ́ o. Èmi àti Ọlọ́run ò ní irú àdéhùn yẹn."

Ó kọ ọ́ síta pé òun ti ṣìnà, ó sì kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, ọsibítù ti gba yàrá rẹ̀, wọ́n ti gbé fíríìjì méjèèjì jáde, wọ́n ti da ẹ̀jẹ̀ inú wọn nù. Àwọn tó fún un ní àwo kò bèèrè rẹ̀ padà, wọ́n kàn dákẹ́ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó kó àwọn tó ń jókòó lórí bẹ́ńṣì jọ láti tọrọ àforíjì. Ó ní òun lòun kọ́ wọn ní ààwẹ̀ náà, pẹ̀lú gbogbo àtẹ́wọ́ yẹn. Bírìkìlà dìde.

"Dókítà, ọmọ mi ka ohun tí ẹ kọ fún mi. Ẹ sọ fún gbogbo ayé pé òpùrọ́ ni wá."

"Mi ò lo ọ̀rọ̀ yẹn o."

"Ẹ ò lò ó. Ẹ kàn ṣàlàyé ẹ̀ ni."

Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde. Àwọn yòókù tẹ̀lé e, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì padà lọ gba oògùn níbì kankan títí di òní.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ Tíṣà nísàlẹ̀ orúnkún, wọ́n tún padà gé e lókè orúnkún. Ìyẹn náà ò dá àìsàn náà dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a sin ín, àwọn ọmọ rẹ̀ kí èmi, wọn ò kí Abẹ́rẹ́.

Ìjọba kọ̀wé sí àwọn ilé ìwòsàn pé kí wọ́n padà sí odidi. Ẹ mọ bí ìwé ìjọba ṣe ń rìn, ìgbín ń yà á sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ wá gbé e sọ́rùn ara rẹ̀, ó ń wọ bọ́ọ̀sì láti ilé ìwòsàn kan sí òmíràn, kó lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún wọn. Àwọn ọmọ mi ti lọ sílé ọkọ àti síbi iṣẹ́, ilé mi dákẹ́, nítorí náà èmi ni mò ń bá a lọ. Ọ̀pọ̀ ń gbọ́. Àwọn kan ń ní káwọn máa rò ó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá a dé ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà, tó jẹ́ pé aṣọ mi lẹ̀ mọ́ ògiri. Àwọn èèyàn ti tò kalẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ń dúró de àyẹ̀wò. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọmọlúàbí, ó fún wa ní àga.

"Odidi kẹ̀?" ló wí. "Ẹ gbàgbé ìyẹn, Mà. Dókítà ńlá kan ló ti wádìí ẹ̀ pé ìlàjì tó. Ẹ sì wo nọ́ńbà àwọn èèyàn mi, kò sí ẹyọ kan tó burú."

"Èmi ni dókítà náà. Mo ṣìnà."

Nọ́ọ̀sì wò ó láti orí dé bàtà. Ó wá sọ ọ́ sí mi létí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "Ìyá, ṣé ara wọn yá báyìí? Ṣé ẹ ò ní mú wọn lọ sílé?"

Abẹ́rẹ́ ti dìde. Ó dúró níwájú àwọn tó jókòó náà. Ètè wọn gbẹ. Obìnrin kan fi orí ti ògiri, ó dijú.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ta ló jẹun lánàá nínú yín?"

Ojú nọ́ọ̀sì ni gbogbo wọn ń wò.