Ìyá Àgbà Tó Ń Ṣọ́ Wa ní Lẹ́sìn

Pẹ́, pẹ́, pẹ́. Ìró ẹ̀gúsí tí ìyá àgbà mi ń bó lẹ́nu ọ̀nà ni mo ń gbọ́ lẹ́yìn mi, gbogbo ara mi sì ń gbóná fún ìtìjú. Ọmọ mẹ́rìndínlógún la há sínú yàrá kan ní Olódì-Àpápá, òógùn wa ń kán sórí ìwé, gọ́tà tó wà lábẹ́ fèrèsé ń rùn. Tíṣà dúró níwájú, ó ká wáyà dúdú kan mọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò gbé e sókè. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò.

"Màmá, ẹ máa lọ sílé. Ọmọ yín ò ní sọnù."

"Mo mọ̀ pé kò ní sọnù, tíṣà," ni ìyá àgbà mi wí, kò gbójú sókè. "Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Tíṣà yìí kan náà ló ń kọ́ wa nílé ìwé láàárọ̀. Bó bá ń ṣe ìṣirò lójú pátákó, tó bá dé ìdajì, á gbọn ẹfun dànù lọ́wọ́, á ní, "Àwọn tó bá wá sí lẹ́sìn á rí ìyókù." Lẹ́sìn ni ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni nínú yàrá yẹn lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí ilé ìwé bá ti jáde, owó rẹ̀ sì yàtọ̀ sí owó ilé ìwé. Ọmọ tí kò bá lọ kò ní mọ iṣẹ́ àṣetiléwá ṣe, á sì jẹ wáyà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ náà dá ìjà sílẹ̀ nílé wa. Bàbá mi ń ru ẹrù ní èbúté Kirikiri Lighter Terminal. Bó bá wọlé, ìyá àgbà ló máa ń fi òrí ra á lẹ́yìn. Ìyá mi ń ta ìrẹsì fún àwọn awakọ̀ tírélà ní ibùdókọ̀ Coconut láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá àgbà, tó bí ìyá mi, ló ń tọ́jú mi.

"Ṣé oúnjẹ tí wọn ò fún un jẹ yó láàárọ̀ la tún ń sanwó pé kó lọ jẹ lọ́sàn-án?" ó bi bàbá mi. "Ìkòkò kan náà, ẹni kan náà ló ń bu ú!"

"Mà, mi ò fẹ́ kí ọmọ mi ru ẹrù jẹun bíi tèmi," ni bàbá mi fèsì. "Ó gbọ́dọ̀ wọ sẹ́kọ́ńdìrì tó dáa."

Ìyá àgbà gbà kí n lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ mú mi lọ, ó rí wáyà yẹn lára ìṣó. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé àpótí àti ẹ̀gúsí tó ń bó tà dání, tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí a ó fi parí.

Bó bá ti wà níbẹ̀, tábìlì ni tíṣà ń fi wáyà nà, kì í ṣe àwa. Ṣùgbọ́n ta ló rí ìyẹn rò? "Getiman ẹ ti dé o!" làwọn ẹgbẹ́ mi á máa pariwo. Wọ́n á máa fi ẹnu ṣe pẹ́, pẹ́, pẹ́ tẹ̀lé mi dé ilé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí ìyá àgbà ṣe ń di ẹ̀gúsí rẹ̀ láti tẹ̀lé mi, mo ní, "Ẹ má tẹ̀lé mi mọ́."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ò sì mọ̀wé. Kí lẹ tiẹ̀ ń wò níbẹ̀?"

Ó gbé àpótí padà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ó dáa," ó ní. "Máa lọ, kó o má bàa pẹ́."

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, inú mi ń dùn. Lọ́jọ́ kẹrin, tíṣà pè mí síwájú pé kí n ṣe ìṣirò kan. Mi ò mọ̀ ọ́n. "Àbí ò ń retí ìyá àgbà ẹ kó wá bá ẹ ṣe é?" ó bi mí. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà mí, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Mi ò rí ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó ń bọ̀. Ìgbátí náà bà mí létí òsì. Nǹkan kan bẹ́ nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń hó bí omi tó wà lórí iná.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ lọ bá ẹni tí mo fẹnu ara mi lé? Ọjọ́ Sátidé, nígbà tí ìyá àgbà gbé orí mi lé itan láti dirun fún mi, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó fi imú fa afẹ́fẹ́.

"Kí ló ń rùn létí ẹ?"

Ẹkún ni mo fi dá a lóhùn, mo wá jẹ́wọ́. Kò bá mi wí. Ó fi irun náà sílẹ̀ ní ààbọ̀, ó pọ̀n mí, tèmi tọdún mẹ́wàá, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ títí a fi dé ọsibítù. Dókítà ní awọ inú etí ti ya, ó sì ti ṣọyún. Ì bá ṣe pé a tètè wá ni. Etí náà ò gbọ́ràn mọ́.

Bàbá mi lọ rí ọ̀gá ilé ìwé. Tíṣà ní kí wọ́n má bínú, ọwọ́ òun ló ṣèèṣì. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì ku oṣù mẹ́ta, nítorí náà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bàbá mi ní kí n padà sí lẹ́sìn. Ìyá mi sunkún, kò lè sọ pé rárá.

Ìyá àgbà tẹ̀lé mi. Lọ́tẹ̀ yìí kò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọlé, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, kò mú ẹ̀gúsí dání. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Tíṣà kọjú sí pátákó títí a fi parí.

Mo yege. "Ẹ ò rí i pé lẹ́sìn ṣiṣẹ́!" ni bàbá mi ń pariwo. Ìyá àgbà wò mí, ó wọ ilé ìdáná lọ.

Àwọn ìyá àdúgbò ń bi mí báyìí bóyá kí wọ́n fi ọmọ sí lẹ́sìn. Mo ń sọ fún wọn pé lẹ́sìn ló jẹ́ kí n wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Mo sì ń sọ pé ohun tí tíṣà yẹn ń tà fún wa lọ́sàn-án, tiwa ni láàárọ̀. Èyí tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀.

Láti ìgbà tí etí òsì mi ti di, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi ni ìyá àgbà máa ń gbà wá bó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Mo ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jókòó létí ibùsùn, mò ń fomi nu ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wá ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ òsì mi. Ẹnu rẹ̀ tó ń mì ni mo fi mọ̀. Kí n tó yíjú, ó ti parí rẹ̀, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ gan-an. Ojú tì mí láti ní kó tún un sọ.

"Mo ti gbọ́, mà," ni mo wí.

Ó mi orí, ó pa ojú dé. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti lọ.

Nígbà mìíràn mo máa ń gbà pé àdúrà ló ṣe fún mi. Nígbà mìíràn, mo máa ń rò pé ó ń bi mí ní ọ̀rọ̀ kan tó ti ń dùn ún láti ọjọ́ pípẹ́. Mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un kẹ́yìn láyé, irọ́ ni.