Igi Máńgòrò Tí Bàbá Mi Fi Sílẹ̀

Nígbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Ìlọrin, bàbá mi wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ojú irin lọ́nà Jẹ́bà. Ìgbà kan tó wálé, kóró máńgòrò kan ló dì sínú aṣọ. Ó ní nínú ọgbà òyìnbó kan lòun ti jẹ ẹ́, òun kò sì jẹ irú rẹ̀ rí: kò ní fọ́nrán tí í há síni léyín, kóró rẹ̀ pẹlẹbẹ, òórùn rẹ̀ ń ta sánsán. Ó gbìn ín sẹ́yìn ilé wa ní Gàmbàrí, ó padà síbi iṣẹ́, ibà sì pa á síbẹ̀. Wọn kò gbé òkú rẹ̀ wá. Igi yẹn nìkan ni ìyá mi rí dì mú.

Igi náà dàgbà, ó so. Máńgòrò tí a mọ̀ lọ́jà Ìpàtà, bó bá ti gbó, á pupa fòò. Tiwa kò pupa. Mo gé ọ̀kan jẹ nígbà tó ṣì le, háà, ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́! Ọdún méjì la fi retí kí àwọ̀ rẹ̀ yí padà. Pẹ̀lú àwọ̀ ewé yẹn náà ló ṣe ń jábọ́, tó ń jẹrà. Àwọn ará ilé ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́: "Onímáńgòrò òyìnbó, ẹ kú ìrètí o!" Inú máa ń bí mi débi pé mo máa ń sọ òkò lu igi náà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àfáà tó jẹ́ olórí ilé, kì í ṣe ìkà. Ilé ló há, ó fẹ́ kọ́ yàrá síbẹ̀ kí òjò tó balẹ̀. Nínú ààwẹ̀ ọdún kẹta, ó pe ìyá mi.

"Ìyàwó, má bínú. Igi tí kò ṣeni láǹfààní, kí la fẹ́ fi ṣe? Lọ́la ni wọn ó wá gé e."

Ìyá mi kúnlẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, à ń gbálẹ̀ lábẹ́ igi, ìyá mi ṣa ọ̀kan tí àdán jẹ kù. Èèpo rẹ̀ tutù bí ewé, inú rẹ̀ pupa bíi pupa ẹyin. Ó fi ọ̀pá já òmíràn lórí igi, ó tẹ ìdí rẹ̀. Ó ti rọ̀.

"Ó ti gbó! Àwọ̀ rẹ̀ nìyí, kì í pupa!" Ó nà án sí mi. "Tọ́ ọ wò fún mi. Ọmọdé ni ọ́, Ọlọ́run ò ní bi ọ́."

"Mo gbààwẹ̀!" Ààwẹ̀ mi àkọ́kọ́ láyé ni. "Ẹ̀yin ẹ tọ́ ọ wò."

"Kí n wá já ààwẹ̀ tèmi?"

Olóríkunkun ni mí, wàláhì. Bí ẹnikẹ́ni kò ṣe tọ́ ọ wò nìyẹn.

Bí ládàánì ti pe ìrun àṣálẹ́, ìyá mi gbé e síwájú àfáà, ó ti bó o, ó ti gé e sínú àwo. Bí kò bá dùn, ó parí. Àfáà mu omi, ó fi ẹyọ kan sẹ́nu. Ó mú èkejì, ó mú ẹ̀kẹta, omi rẹ̀ ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó, níbo lo ti ra èyí?"

"Mi ò rà á, Àfáà. Ẹ̀yìn ilé ni." Ó fi èèpo tútù náà hàn án.

Àfáà wo èèpo títí. Ó ní, "Àbúrò mi ló fún mi ní ìṣínu lónìí. Láádá rẹ̀ á dé bá a níbi tó wà."

Láti ìgbà tí a ti gbọ́ ikú bàbá mi, n kò rí omijé lójú ìyá mi. Ọjọ́ náà ló tó sunkún. Ó sunkún débi pé ó gbàgbé pé òun kò tíì ṣínu. Èmi ni mo mú ẹyọ tó kù nínú àwo, mo fi sí i lẹ́nu.