Ọjọ́ tí Mo Sá Lọ Wa Iṣu ní Komu

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba káàdì ìdìbò, ọ̀rọ̀ ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ti gbé àpótí wa sá lọ ní Ìsẹ́yìn ni mo fẹ́ sọ. Níṣojú ọlọ́pàá ni àwọn jàǹdùkú gbé e. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a ṣe ìwọ́de lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Mo wà níwájú. Nígbà tí ìbọn dún, mo ṣì wà níwájú, àmọ́ ọ̀nà ilé la kọjú sí.

Àgbàlá Ràímì, ahunṣọ aládùúgbò mi, ni mo já sí. Kò bá wa lọ. Aṣọ ìyàwó ló wà lórí òfì rẹ̀. Ẹ mọ bí a ṣe ń ta òwú gbọọrọ kọjá àgbàlá, tí òkúta á dì í mú lókèèrè. Mo ní kí n fò ó, ẹsẹ̀ mi ò ga tó. Àárín òwú ni mo balẹ̀ sí, ìdajì rẹ̀ sì já.

"Bàbá Wàsíù, ṣé ìdìbò ló ní kí ẹ ba tèmi jẹ́?"

"Dákẹ́, wọ́n ń yìnbọn!"

"Kí wọ́n máa yìn ín. Ẹ wá bá mi so ó."

A jókòó, à ń so òwú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí oòrùn fi kan àtàrí. Àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n dáná sun mọ́tò alága ìjọba ìbílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Ràímì ni ọlọ́pàá wá mú pé òun ló sun ún.

Àníkẹ́, ọmọ àbúrò mi obìnrin, ni lọ́yà rẹ̀. Ìjọba ló ń sanwó fún un nígbà náà, kó máa gbèjà aláìní tó bá wà látìmọ́lé.

"Bàbá, ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀."

"Wọn ò ní bi mí níbi tí mo ti ń sá bọ̀?"

"Wọ́n á bi yín."

"Ṣé o rí i? Ẹnì kan ló wà látìmọ́lé, o fẹ́ kó di méjì."

Mo ṣèlérí ṣá. Nígbà tí ọjọ́ ẹjọ́ pé, wọ́n pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wà ní Komu, lóko àna mi. Mo ní iṣu ni mo wá wà. Iṣu ọ̀hún ò tíì ta rárá.

Adájọ́ sún ẹjọ́ síwájú, Ràímì padà sátìmọ́lé fún oṣù mẹ́fà sí i. Láàárín ìyẹn, àṣẹ ti òkè wá: kí Àníkẹ́ gbé fáìlì Ràímì sílẹ̀, kó lọ máa bójú tó ìwé ilẹ̀. Kò gbé fáìlì sílẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé sílẹ̀. Ó gba yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ata, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Mo lọ kí i kú oríire.

"Bàbá, ẹ má kí mi. Àwọn aláìní yòókù tí mo fi sílẹ̀ látìmọ́lé ti ń bèèrè mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé mi dé kóòtù. Lọ́yà ìjọba tó pe Ràímì lẹ́jọ́ dìde sí mi.

"Baba, kí lẹ̀ ń sá fún?"

"Ìbọn, sà. Ojo ni mí."

"Ojo tó ń sáré, ṣé ó máa ń ráyè wo ojú èèyàn?"

"Mi ò wo ojú ẹ̀, sà. Òwú ẹ̀ ni mo ṣubú lé."

Kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Mo ní a jọ so òwú náà títí di ọ̀sán. Àníkẹ́ tẹ́ aṣọ tí kò parí náà síwájú adájọ́, ìyẹn sì fi ìka tọ àwọn kókó tó tò lọ lára òwú. Ràímì ò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n dá a sílẹ̀. Ohun tí a rí gbà nìyẹn. Ìbò wa ò padà wá; ẹni tó gbé e ló jókòó sípò. Ọwọ́ Ràímì ti ń gbọ̀n láti àtìmọ́lé, ọ̀kọ̀ òfì tó ń gbé òwú kọjá ò dúró níbẹ̀ mọ́. Àga Àníkẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn aláìní ṣófo títí dòní, àwọn ìyá ẹlẹ́wọ̀n sì ń jókòó síwájú rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Nígbà tí èmi dákẹ́, tẹlòmíì ló bá mi dákẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá Ràímì nídìí òfì rẹ̀ tó ti dá páropáro, koríko ti bo òkúta.

"Bàbá Wàsíù, iṣu Komu yẹn, ṣé ó padà ta?"

Mo lóṣòó, mo ń fa koríko kúrò lórí òkúta náà.